Bí A Ti Ń La Ọ̀nà fún Ọ̀rọ̀ Nínú Fọ́nrán Gíláàsì

Ẹ ó rántí ọ̀sẹ̀ tí a kò lè fi orúkọ ránṣẹ́ fún ìdánwò láti ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn tí ń gbẹ́ ojú àgbàrá sí ẹ̀bá ọ̀nà ni ó gé okùn tí ó mú íntánẹ́ẹ̀tì wá sí ọ̀dọ̀ wa, iṣẹ́ sì dúró fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Kì í ṣe gígé náà ni ó dùn wá jù, nítorí ẹni tí ń gbẹ́ ilẹ̀ kò ní ojú tí ó lè fi rí ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó dùn wá ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ti ń san owó ọ̀nà méjì láti ọjọ́ pípẹ́, kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá ṣubú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bẹ inú kòtò náà wò, ọ̀nà méjèèjì ni a bá níbẹ̀, tí wọ́n sùn ti ara wọn bí ìbejì lórí ẹní kan, tí ọkọ́ kan náà sì ti gé àwọn méjèèjì.

Láti ọjọ́ náà ni àwa díẹ̀ nínú kíláàsì ti ń wádìí bí a ti ń la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àti bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tí ó wá so okùn náà pọ̀ fi sùúrù dáhùn ìbéèrè wa ní gbogbo ìgbà tí ó fi jókòó lẹ́bàá kòtò, àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa sì yá wa ní ìwé láti fi kún ohun tí ó sọ. Èyí tí ó yé wa nínú rẹ̀ ni a kọ sí ìhín yìí. Bí a bá jáde tán tí a sì di olùkọ́, àwọn ọmọ yóò bi wá léèrè bí ohùn ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti ṣe dé etí ìyá wọn ní Ìṣẹ́yìn, kò sì ní bójú mu kí a máa wí fún wọn pé afẹ́fẹ́ ni ó gbé e wá. Afẹ́fẹ́ kò gbé e jìnnà. Láti orí òpó tí ó sún mọ́ ìyá náà dé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó gba ojú sánmà; èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìrìn rẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ òkun ni ó gbà, nínú gíláàsì.

Fọ́nrán gíláàsì náà, tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní fáíbà, kò nípọn ju ìdá kan nínú mẹ́jọ mìlímítà kan lọ, ó sì ṣeé tẹ̀ bí okùn ìwọ̀ ẹja. Ìmọ́lẹ̀ ni a ń rán gba inú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ti rì sínú odò tí omi rẹ̀ mọ́, tí ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo òkè láti ìsàlẹ̀, yóò ti rí i pé ojú omi a máa dán bí dígí, a kò sì ní rí igi etí odò mọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tí ó bá dàgẹ̀rẹ̀ kọlu ojú omi láti ìsàlẹ̀ kì í lè jáde. Inú omi ni ó ń padà sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú fáíbà. Oríṣi gíláàsì méjì ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan ní àárín, èkejì yí i ká, ìmọ́lẹ̀ tí a bá sì fi sí àárín a máa tọ ọ̀nà rẹ̀ lọ láìsá jáde, àní bí okùn bá tilẹ̀ yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì.

Ó pẹ́ kí aráyé tó rí gíláàsì tí ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1966 ni Charles Kao, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tí ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Harlow ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti George Hockham ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ̀wé pé kì í ṣe gíláàsì fúnra rẹ̀ ni ó ń pa ìmọ́lẹ̀, bí kò ṣe ẹ̀gbin tí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá lè fọ̀ ọ́ mọ́ títí tí ìdá kan nínú 100 ìmọ́lẹ̀ yóò fi ṣẹ́kù lẹ́yìn kìlómítà 1, a lè fi í rán ọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní 1970 àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀. Ọdún 2009 ni a tó fi ẹ̀bùn Nobel dá Kao lọ́lá, nígbà tí gbogbo ayé ti ń jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Fáíbà òde òní dára ju èyí tí ó bèèrè lọ lọ́nà tí ó yani lẹ́nu, nítorí ìdajì ìmọ́lẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí 15 kìlómítà. Kí ẹni tí ó fẹ́ràn ìṣírò mú síléètì rẹ̀: ní 30 kìlómítà, ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò kù, ní 75 kìlómítà, ìdá kan nínú 32. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé ẹ̀rọ tí ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 80 kìlómítà sí ara wọn lórí ilẹ̀. Nínú òkun, ara okùn gan-an ni a ń so irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́, èbúté sì ni a ti ń rán iná mànàmáná lọ bá a.

Kí a tó kúrò níhìn-ín, ọ̀gbẹ́ni náà kìlọ̀ fún wa gidigidi pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú wo ẹnu fáíbà tí a gé. Ìmọ́lẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ojú ènìyàn lè rí. Ẹni tí ń wò ó yóò rò pé òkùnkùn ni, ó sì lè jó ojú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ tí ń fi wáyà tí wọ́n rí he ní ẹ̀bá ọ̀nà ṣeré.

Bí ọ̀rọ̀ ti ń di ìmọ́lẹ̀ kò ṣòro láti yé àwa tí a mọ gángan. Onílù a máa fi ìró òkè, ìró àárín àti ìró ìsàlẹ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Ohùn méjì péré ni ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà ní: ó tàn, tàbí kò tàn. Ẹ̀rọ tẹlifóònù a máa wọn ohùn ènìyàn ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, a sì máa fi àmì mẹ́jọ, tí ó jẹ́ títàn tàbí àìtàn, kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Èyí jẹ́ àmì 64,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún ohùn ẹnì kan ṣoṣo. Kò ṣòro fún lésà láti tàn kí ó sì kú ní ìgbà tí ó pọ̀ ju èyí lọ ní ìlọ́po àìmọye. Ìṣòro tí ó wà ni bí ohùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò ṣe gba inú fọ́nrán kan náà kọjá tí ti Àkàndé kò ní bọ́ sí etí ìyàwó Àjàní.

Àwòrán ọkọ̀ ojú irin ni ó mú kí èyí yé wa. Kí a fi ojú inú wo ọkọ̀ ojú irin tí ó ní kóòṣì 2,430, tí irú rẹ̀ sì ń ṣí ní ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tí kò dúró de ẹnikẹ́ni, ẹrù ì báà wà tàbí kí ó má sí. Àmì mẹ́jọ ni kóòṣì kọ̀ọ̀kan ń gbé. Bí a bá fún ọ ní kóòṣì kan, a jẹ́ pé kóòṣì kan náà nínú gbogbo ọkọ̀ tí ó bá ṣí jẹ́ tìrẹ, ohùn ẹnì kan sì ti rí àyè jókòó. Ìlànà yìí ni a ń pè ní SDH, èyí tí àjọ tẹlifóònù àgbáyé fi ọwọ́ sí ní 1988. Bí ó ti rọrùn láti ṣírò ni a fi kọ́kọ́ mẹ́nu kàn án, nítorí ní ọ̀pọ̀ ibi ó ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí èyí tí a ń pè ní OTN, tí a gbé kalẹ̀ ní 2001, tí ẹrù rẹ̀ sì tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ń gba ipò rẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà tọ́jú àwọn méjèèjì jọ ara wọn púpọ̀.

Àwọn oníṣẹ́ kì í sábà ta kóòṣì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n a máa dì í ní ìdìpọ̀ 32. Nínú 32 yìí, 30 ni ó ń gbé ohùn, ọ̀kan wà fún dídá àkókò mọ̀, ọ̀kan sì wà fún pípe ẹni àti gbígbé e sílẹ̀. Ìdìpọ̀ 63 ni ọkọ̀ kan lè gbé. Ẹni tí ó bá sọ 63 di púpọ̀ ní ìgbà 32 yóò rí 2,016, yóò sì bèèrè ibi tí kóòṣì 414 tí ó ṣẹ́kù wà. Àwa náà bèèrè. Ọ̀gbẹ́ni náà rẹ́rìn-ín, ó ní ibẹ̀ ni iṣẹ́ òun wà. Nínú àwọn kóòṣì wọ̀nyí ni a ń kọ orúkọ ọ̀nà sí, ibẹ̀ ni a ń ka àṣìṣe sí, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Òmíràn wà fún títún àkókò ṣe, òmíràn sì ṣófo. Bí a kò bá fi àyè wọ̀nyí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i yóò máa kọjá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó bá ṣìnà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ó sọ fọ́nrán kan di púpọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ní àwọ̀, àwọ̀ kan kì í sì dí èkejì lọ́wọ́. A lè rán àwọ̀ tí ó lé ní 80 gba inú fáíbà kan ní àkókò kan náà, kí a sì tún wọn yà sọ́tọ̀ ní òpin ọ̀nà, bí oòrùn ti ń yà sí òṣùmàrè. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀.

Nísinsìnyí a lè sọ ohun tí a ń pè ní sákíìtì. Ẹni púpọ̀ nínú wa rò pé wáyà ni. Kì í ṣe wáyà. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá ń gbé ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn a máa gba ẹnu bodè ìlú púpọ̀ kọjá, oníbodè kọ̀ọ̀kan ni yóò sì jẹ́ kí ó kọjá tàbí kí ó dá a padà. Sákíìtì ni àdéhùn tí a bá gbogbo oníbodè ojú ọ̀nà ṣe ṣáájú, pé ẹrù tí ó bá wá nínú kóòṣì báyìí láti ìhà báyìí, kí wọ́n gbé e sínú kóòṣì báyìí sí ìhà báyìí, láìbèèrè. Bí oníbodè kan ṣoṣo bá gbàgbé àdéhùn náà, kò sí sákíìtì mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo gíláàsì wà ní pípé.

Kí a wá fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ilé ìfowópamọ́ kan ní Ìbàdàn fẹ́ ọ̀nà lọ sí ẹ̀ka rẹ̀ ní Ìlọrin. Ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe pé kí a fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ, bí kò ṣe pé kí a ṣí ìwé. Ìwé náà ni yóò sọ èwo nínú àwọn kóòṣì ni ó ṣófo láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, àti láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin. Kò di dandan kí ó jẹ́ nọ́ńbà kan náà ní gbogbo ibi. Ẹ̀rọ tí ó wà ní Ọ̀yọ́ lè gbé e láti inú kóòṣì 7 sí inú kóòṣì 19, bí a bá ti sọ fún un. Nígbà tí a bá ti yan ọ̀nà, a ó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà àti orúkọ, kí ẹlòmíràn má baà tún yàn án ní ọjọ́ kan náà. Lẹ́yìn èyí ni a ó tó pàṣẹ fún ẹ̀rọ ìlú kọ̀ọ̀kan láti so ìhà kan mọ́ èkejì. Láyé ìsinsìnyí, ẹnì kan lè jókòó sí Èkó kí ó pa gbogbo àṣẹ náà láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìrọ̀rùn yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀, nítorí àṣìṣe náà ń yára kánkán bí àṣẹ.

Lẹ́yìn náà ni a ó fi orúkọ sí sákíìtì náà lára. Ìbàdàn yóò máa rán orúkọ tí a fi fún un lọ láìdákẹ́ nínú ọ̀kan nínú àwọn kóòṣì 414 tí a mẹ́nu kàn, Ìlọrin yóò sì máa wò bóyá orúkọ tí òun ń retí ni. Bí ẹnì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá ṣèèṣì so sákíìtì ilé ìfowópamọ́ mọ́ ti ilé ìwòsàn, ìmọ́lẹ̀ yóò máa tàn dáadáa, kò sí ohun tí yóò dàbí ẹni pé ó bàjẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ yóò tàsé ara wọn, ẹ̀rọ yóò sì figbe ta. Ó yà wá lẹ́nu láti gbọ́ pé àwọn kan kì í fẹ́ ṣe wàhálà kíkọ orúkọ yìí.

Kí a tó fi sákíìtì lé oníbàárà lọ́wọ́, a gbọ́dọ̀ dán an wò. Wọn a máa so lílọ mọ́ bíbọ̀ ní Ìlọrin, nítorí fáíbà méjì ni ọ̀rọ̀ ń gbà, ọ̀kan fún lílọ, ọ̀kan fún bíbọ̀. Ohun tí a bá sì rán láti Ìbàdàn yóò padà wá sí Ìbàdàn. A ó rán àmì tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, a ó sì ka iye èyí tí ó padà pẹ̀lú àṣìṣe. Wákàtí 24 ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fi ń ṣe èyí. Ìdí tí wọ́n fi ń pẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé sákíìtì tí ó dára ní òru tútù lè má dára nígbà tí oòrùn bá mú, tàbí nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá lórí afárá tí okùn gbà. Bí wọ́n bá gbàgbé láti tú lílọ kúrò lára bíbọ̀ lẹ́yìn ìdánwò, oníbàárà yóò máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Títọ́jú sákíìtì lẹ́yìn tí a ti là á ni ó gba ọgbọ́n jù. Ká ní fáíbà lílọ ṣẹ́ láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, yóò sì figbe ta pé òun kò rí ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dákẹ́ sí ìhà Ìlọrin, nítorí bí ó bá dákẹ́, Ìlọrin yóò rò pé láàárín àwọn méjèèjì ni ìyọnu wà. Nítorí náà yóò rán àmì kan síwájú, tí ó túmọ̀ sí pé, «Èmi wà, ẹ̀yìn mi ni ó bàjẹ́.» Ìlọrin náà yóò sì rán àmì padà sí Ìbàdàn nínú fáíbà bíbọ̀ tí ó ṣì sàn pé, «Ohun tí o ń rán kò dé ọ̀dọ̀ mi.» Báyìí ni igbe yóò ti ìlú púpọ̀ wá lórí ìṣẹ́lẹ̀ kan ṣoṣo, bí sákíìtì 100 bá sì wà lórí fáíbà náà, igbe yóò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí alábòójútó tuntun kò ní mọ ibi tí yóò kọjú sí. Ẹni tí ó gbọ́n kì í tẹ̀lé igbe tí ó pọ̀ jù. Yóò wá ẹni kan tí ó ń wí pé òun kò rí ìmọ́lẹ̀, nítorí ìyókù, ìròyìn ni wọ́n ń tún sọ.

Èyí sọ fún wa ìlú méjì tí ìyọnu wà láàárín wọn. Láti mọ ibi gan-an, ọ̀gbẹ́ni wa ní ẹ̀rọ kékeré kan tí kò tóbi ju àpótí oúnjẹ lọ. Ó so ó mọ́ fáíbà náà ní ilé-iṣẹ́ wọn láàárín ìlú, ẹ̀rọ náà sì ju ìmọ́lẹ̀ kan sínú rẹ̀, ó ń retí ìdá tí yóò padà láti ojú ibi tí ó gé, bí ọmọdé ti ń pariwo sí òkè kí ó lè gbọ́ gbohùngbohùn. Ìmọ́lẹ̀ a máa rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà nínú gíláàsì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí ó jù náà padà lẹ́yìn 110 nínú 1,000,000 ìdá ìṣẹ́jú-àáyá. Ó ti rin 22 kìlómítà nìyẹn ní àlọ àti àbọ̀, nítorí náà ibi tí ó gé jẹ́ 11 kìlómítà. Àwa tí a yára wọn ọ̀nà láti ìlú sọ pé kò pé bẹ́ẹ̀ dé kòtò wa. Ó dá wa lóhùn pé a gba ọ̀rọ̀ náà sọ, nítorí àwọn tí ó ri okùn a máa ká díẹ̀ sínú ihò ní ibi púpọ̀, kí ó lè ṣeé fà nígbà àtúnṣe. Gíláàsì ni ẹ̀rọ náà wọ̀n, kì í ṣe ilẹ̀. Ó mọ iye tí a ká sí ihò kọ̀ọ̀kan nítorí pé ẹnì kan ti kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó nu ẹnu fáíbà méjèèjì, tí ó fi wọ́n kojú ara wọn nínú ẹ̀rọ mìíràn, tí iná mànàmáná sì ta pàrà láàárín wọn títí wọ́n fi yọ́ pọ̀ di ọ̀kan. Ó ṣe èyí fún fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ agboòrùn, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí ó tó parí.

Nígbà náà ni a bi í ní ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn wa nípa ọ̀nà kejì. Ó ní ó ṣeé ṣe láti ṣètò sákíìtì kí ó ní ọ̀nà méjì, kí ẹ̀rọ sì yí padà fúnra rẹ̀ láti orí ọ̀kan sí èkejì láàárín 50 nínú 1,000 ìdá ìṣẹ́jú-àáyá, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ká pa dà sí àpẹẹrẹ wa: ọ̀nà kan lè gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, kí èkejì gba Ìwó, Òṣogbo àti Ọ̀fà dé Ìlọrin. Ẹ̀rọ kò ní kùnà nínú èyí. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè mọ̀ ni ibi tí gíláàsì gbà lórí ilẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, fáíbà méjì ni fáíbà méjì, ì báà jẹ́ inú kòtò kan náà ni wọ́n wà. Ìwé àti máàpù nìkan ni ó lè sọ èyí, bí ẹni tí ó kọ wọ́n bá kọ òtítọ́, tí ẹni tí ń tà á sì yẹ̀ wọ́n wò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilé-ẹ̀kọ́ kékeré nìkan ni irú èyí ń bá. Láti 1886 ni okùn abẹ́ òkun ti so Èkó mọ́ òkè òkun, nígbà tí ó jẹ́ pé tẹlígíráàmù ni a fi ń ránṣẹ́. Ní ọ̀rúndún yìí, okùn fáíbà pọ̀ sí i ní etíkun wa: SAT-3 kọ́kọ́ dé, MainOne tẹ̀ lé e ní 2010, WACS àti ACE sì dé ní 2012. Àwọn ilé ìfowópamọ́ àti ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ra sákíìtì lórí méjì nínú wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni ó bàjẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ní ojú òkun Abidjan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Àfonífojì jíjìn kan wà ní ìsàlẹ̀ òkun níbẹ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní Trou sans Fond, èyí ni Ihò Aláìnísàlẹ̀; àwọn okùn náà gba agbègbè yìí kọjá. Ní Nàìjíríà, ní Gánà, ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní ilẹ̀ mìíràn, íntánẹ́ẹ̀tì falẹ̀ tàbí kí ó dákẹ́, àwọn oníbàárà ilé ìfowópamọ́ kò sì lè fi owó ránṣẹ́. Ẹni tí ó ní sákíìtì lórí WACS àti òmíràn lórí ACE ní orúkọ méjì, ìwé owó méjì, àti ilé-iṣẹ́ méjì tí ó ń san owó fún. Kòtò kan náà ni ó ṣì ní. Ìkìlọ̀ sì ti wà, nítorí ní oṣù Kẹjọ 2023, ilẹ̀ tí ó yẹ̀ ní àfonífojì abẹ́ òkun ní ẹnu odò Kóńgò ti gé WACS àti SAT-3 pa pọ̀.

Okùn tí a ń pè ní Equiano, tí a fi sọrí Olaudah Equiano, tí ó sì gúnlẹ̀ sí Lomé àti Èkó ní 2022, kò fara gbá nínú ti 2024. Àwọn tí ó ní àyè lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbé sákíìtì wọn lọ síbẹ̀, àwọn mìíràn sì sáré wá àyè rà. Ibí ni a ti rí i pé ìwé tí ó mọ́ ju gíláàsì lọ. Nígbà tí àyè kò tó gbogbo ènìyàn, alábòójútó gbọ́dọ̀ mọ sákíìtì wo ni ti ilé ìwòsàn, èwo ni ti ilé ìfowópamọ́, èwo ni kò sí ẹni tí ń lò ó mọ́. Ẹgbẹ̀ẹ́ kẹta yìí pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ilé-iṣẹ́ kan a kó lọ, a kò sì ní san owó mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ fún àwọn oníbodè pé àdéhùn ti parí. Wọn a sì máa gbé kóòṣì òfìfo láti ìlú dé ìlú fún ọdún púpọ̀, tí ẹni tí ó ní ẹrù kò sì rí ibi jókòó. Ọ̀gbẹ́ni wa ní bí a ti ń fi ayọ̀ la sákíìtì, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a máa dìde pa èyí tí ó ti kú, kí a sì fa ìlà sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ní ọjọ́ náà gan-an. Ó ní iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í yin ènìyàn fún nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni a kọ̀wé sí àwọn alákòóso ilé-ẹ̀kọ́, a sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ sí ìwé owó ọ̀nà kejì títí wọ́n yóò fi rí máàpù rẹ̀. Inú wa dùn láti sọ pé wọ́n gbọ́. Ó gba oṣù méjì àti ìwé mẹ́rin kí máàpù náà tó dé. Ọ̀nà kejì ti gba ẹ̀yìn ọjà báyìí, ó kọjá lórí afárá kékeré, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ láti ìhà oko. Ibi kan ṣoṣo tí ó ti tún pàdé ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wọn láàárín ìlú, a sì ti kọ̀wé nípa ìyẹn pẹ̀lú. Máàpù náà wà lára ògiri ọ́fíìsì akápò, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wò ó lè lọ ní ọ̀sán láàárín aago méjì sí mẹ́ta.